Ìlẹ̀kẹ̀ ìyá mi àgbà rì: ohun tí ojú mi rí ní ṣọ́ọ̀bù áḿbà kan ní Gdańsk

Ó rì.

Ìlẹ̀kẹ̀ 21 ni ìyá mi àgbà fi sílẹ̀ fún mi. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọbìnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù yìí mú láì tọrọ àyè lọ́wọ́ mi, ó jù ú sínú gíláàsì omi iyọ̀ tó wà lórí káńtà, ó sì lọ sísàlẹ̀ bí òkúta. Áḿbà, oje igi àtijọ́ tó ti le tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́, kì í rì nínú omi iyọ̀. Kò tíì kí mi o. Ó gbójú sókè, ó ní "Ike ni," ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ ròkè débi pé tọkọtaya tó ń wo òrùka lẹ́yìn mi yíjú padà. Ó wá ti gíláàsì náà sọ́dọ̀ mi pé kí n fọwọ́ ara mi yọ ohun tí mo gbé wá.

Mo ti nájà ní Ìlọrin, mo ti nájà ní London, ẹnikẹ́ni ò ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí. Ìdí tí mo fi ń kọ eléyìí nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ò parí síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìlẹ̀kẹ̀ náà ṣe jẹ́ sí mi. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin tó ti pẹ́ nínú ìgò. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan tóbi tó obì. Ọwọ́ àwọn oníṣòwò Gàm̀bàrí ni ìyá mi àgbà ti rà á ní Ìlọrin, kí wọ́n tó bí màmá mi. Wọn kì í wọ̀ ọ́ àfi lọ́jọ́ Iléyá. Iyùn àti sẹ̀gi làwọn ẹgbẹ́ wọn ń kó sọ́rùn. Èyí yàtọ̀, tiwọn nìkan ni. Lọ́dún tó kọjá, okùn rẹ̀ já mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi wá ń lọ sí Gdańsk ní Pólàndì fún ọjọ́ mẹ́rin, mo wé e sínú gèlè, mo gbé e dání. Mo rò ó pé ta ni yóò tún áḿbà sín fún mi bí kò ṣe ìlú tí wọ́n ti ní ẹgbẹ́ oníṣẹ́ áḿbà láti ọdún 1477?

Òpópónà Mariacka ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti débẹ̀ mọ̀ pé áḿbà ni wọ́n ń tà láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà náà dé òpin, ìyẹn ò nílò àlàyé.

Mo ti ń kó ìlẹ̀kẹ̀ mi padà sínú gèlè, omi ti ń dà lójú mi, nígbà tí bàbá kan jáde láti yàrá iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn. Irun wọn funfun, iṣẹ́ fàdákà ti sọ èékánná wọn di dúdú. Wọ́n kọ́kọ́ kí mi. Wọ́n tẹrí ba díẹ̀, wọ́n pè mí ní "Pani". Ọ̀wọ̀ tí àwa ń fi "ẹ" ṣe ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe níbẹ̀. Wọ́n ní, ṣé àwọn lè fọwọ́ kàn án? Wọ́n bi mí! Ọmọbìnrin yẹn ń wò wá, kò sọ nǹkan kan.

Bàbá fi ìlẹ̀kẹ̀ kan ra àtẹ́lẹwọ́ kíkankíkan títí tó fi gbóná, wọ́n gbé e sún mọ́ imú mi. Òórùn ízàlì ló jáde, ízàlì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìwòsàn gan-an. Wọ́n ní ká ní áḿbà ni, òórùn oje igi ni ǹ bá gbọ́. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò rọrùn fún wọn ṣàlàyé. Leo Baekeland, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tó lọ gbé Amẹ́ríkà, ló ṣe irú ike yìí ní 1907. Àwọn ilé iṣẹ́ ní Yúróòpù wá ń fi irú rẹ̀ ṣe ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ oyin, wọ́n ń kó o wá fún wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, torí wọ́n mọ̀ pé àwọn obìnrin Fúlàní ní Málì àti níbòmíràn fẹ́ràn áḿbà ńláńlá lórí àti lọ́rùn. Títí dòní, "áḿbà Áfíríkà" làwọn oníṣòwò ń pè é. Bàbá ní àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ ń wá a kiri, pé kì í ṣe ohun tí à ń jù nù. Wọ́n ní àwọn á tún un sín fún mi, wọ́n sì ta kókó okùn sáàárín ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ó má baà fọ́n ká tó bá tún já. Wọn ò gba kọ́bọ̀.

Ibẹ̀ ni inú mi ti yọ́. Wọ́n fi áḿbà gidi kan sí mi lọ́wọ́. Ó fúyẹ́ bí òfìfo, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Gíláàsì kì í rí bẹ́ẹ̀. Oje igi ni, ó ti tó bíi mílíọ̀nù 40 ọdún. Igbó tí oje náà ti sun jáde ti pòórá, òkun Baltic ló kù, ìjì sì ń gbé e gun etíkun títí dòní. Wọ́n fi ra apá aṣọ wọn, wọ́n gbé e sún mọ́ bébà wẹ́wẹ́, bébà fò mọ́ ọn. Elektron làwọn ará Gíríìsì ayé àtijọ́ ń pè é, ibẹ̀ sì ni àwọn òyìnbó ti rí orúkọ fún iná mànàmáná. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ní ó wọ́n. Wọ́n ní kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọ́n: nígbà tí àwọn jagunjagun ẹlẹ́sìn Teutonic ń ṣàkóso etíkun Baltic, tiwọn ni gbogbo áḿbà tí omi bá gbé wá, wọ́n sì ń so ẹni tó bá ṣà á jí rọ̀. Wọ́n sọ ti Schacht àti Turau, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Gdańsk tó wà lára àwọn tó ṣe Yàrá Áḿbà, yàrá tí wọ́n fi áḿbà bo ògiri rẹ̀, èyí tí ọba Prussia fi ta Peter ọba Rọ́ṣíà lọ́rẹ ní 1716. Àwọn ọmọ ogun Jámánì tú u kó lọ sí Königsberg, ìlú wọn nígbà náà, ní 1941. Láti 1945, ẹnikẹ́ni ò fojú kàn án mọ́. Èyí tó wà ní Rọ́ṣíà báyìí, èyí tí wọ́n tún ṣe ni, 2003 ni wọ́n ṣí i. Bàbá ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òkú ẹbí wọn.

Mo ra ẹ̀gbà ọrùn kan, gíráàmù 34, złoty (owó Pólàndì) 1,150. Èyí tó mọ́ gaara tí ìpẹ́ wúrà wà nínú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ nawọ́ sí. Bàbá ní kí n dúró. Ooru ni wọ́n fi sọ ọ́ di mímọ́ bẹ́ẹ̀, ìpẹ́ yẹn sì ni ibi tí ooru ti là á nínú. Áḿbà náà ni, àmọ́ ó yẹ kí n mọ ohun tí mò ń rà. Wọ́n wá fi èyí tí wọn ò yan hàn mí, tí ojú rẹ̀ dà bí ògì àgbàdo pupa tí wọ́n da mílíìkì sí. Òun ló wà lọ́rùn mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Àmọ́ ọmọbìnrin yẹn náà ló ń gbowó. Złoty 1,210 ló tẹ̀ sí ẹ̀rọ. Mo ní 1,150 ló wà lára rẹ̀. Ó ní owó páálí ni 60. Páálí pélébé! Bàbá ló ní kó yọ ọ́ kúrò. Kò ní "ẹ má bínú", kò ní "ó dàbọ̀".

Lọ́sẹ̀ kejì, ìkọ́ ẹ̀gbà náà ṣí fúnra rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Mo kọ ímeèlì mẹ́ta, ọjọ́ 19 kọjá kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n fi ìkọ́ fàdákà tuntun sí i, bàbá sì fọwọ́ ara wọn kọ lẹ́tà kékeré mọ́ ọn. Èmi ni mo san owó ìfiránṣẹ́.

Ẹni tó bá ń lọ, omi iyọ̀ nìkan ò tó o. Áḿbà á léfòó nínú rẹ̀, àmọ́ kópáàlì, oje igi tí kò tíì pẹ́, á léfòó pẹ̀lú. Ẹ kán omi tí a fi ń nu ọ̀dà èékánná síbi tó fara sin: kópáàlì á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ẹ fín lọ́fínńdà yín tán kí ẹ tó wọ áḿbà. Ẹ sì dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé áḿbà tó wà nínú Wielki Młyn, ilé ìlọkà àtijọ́ tí wọ́n kó o lọ ní 2021. Alángbá kékeré kan wà níbẹ̀ nínú oje. Ọ̀rẹ́ mi ló fà mí kúrò nídìí rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo pe màmá mi, mo sọ fún wọn pé ìlẹ̀kẹ̀ ìyá wọn kì í ṣe áḿbà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé áḿbà ni? Ìlẹ̀kẹ̀ oyin ni ìyá mi ń pè é." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èmi ni mo sọ ọ́ ní áḿbà, láti ìgbà tí mo ti rí ohun tó jọ ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún ṣọ́ọ̀bù náà, torí pé bàbá kọ́ ni àlejò ń kọ́kọ́ bá pàdé níbẹ̀. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú fún Oṣù Kẹjọ. Yẹtí tó bá ẹ̀gbà ọrùn mi mu ni mo fẹ́ kí wọ́n bá mi ṣe.