Layton àti Luke: gèémù àlọ́ àpamọ̀ tí àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ wọni lọ́kàn

Bí ẹ bá ń wá gèémù tí ọgbọ́n orí nìkan ni ẹ ó fi ta á, ẹ gbé Professor Layton and the Curious Village wò. Iléeṣẹ́ Level-5 ní Japan ló gbé e jáde fún Nintendo DS, ẹ̀rọ gèémù alágbèéká, ní 2007. Láti 2018 ló ti wà lórí fóònù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Layton àti Luke, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, lọ sí ìlú St. Mystere torí ìwé ìhágún olówó kan. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé níbẹ̀ ló ń pa àlọ́ fún wọn. Akira Tago, àgbà nínú iṣẹ́ àlọ́ ní Japan, ló bá wọn ṣètò àwọn àlọ́ náà.

Ẹ wo èyí tó jẹ́ nọ́ńbà 007. Ìkookò mẹ́ta àti ọmọ adìyẹ mẹ́ta fẹ́ sọdá odò. Ọkọ̀ wọn kò gbà ju méjì lọ, kò sì lè dá rìn lófìfo. Bí ìkookò bá pọ̀ ju ọmọ adìyẹ lọ létí odò kan, wọ́n á pa wọ́n jẹ. Ẹ kó ìkookò méjì kọjá, kí ọ̀kan padà. Ẹ tún kó ìkookò méjì, kí ọ̀kan padà. Ẹ wá kó ọmọ adìyẹ méjì. Ibí ni ọ̀pọ̀ ń há sí, torí wọ́n rò pé ẹni tó ti sọdá kò gbọdọ̀ padà mọ́. Ìkookò kan àti ọmọ adìyẹ kan ni kí ẹ jọ dá padà. Lẹ́yìn náà, ọmọ adìyẹ méjì lọ, ìkookò kan bọ̀. Ìkookò méjì lọ, ọ̀kan bọ̀. Méjì tó kù sọdá. Ìrìn 11 ni, kò ṣeé dín.

Ẹ̀ẹ̀kan àti ẹ̀ẹ̀kejì tí ẹ bá ṣì í ni máàkì àlọ́ náà, picarat, ń dínkù, nítorí náà ẹ má ṣe máa méfò. Olobó mẹ́ta ló wà fún àlọ́ kọ̀ọ̀kan, owó ẹyọ kan lẹ ó fi ra ọ̀kan. Ẹ máa tẹ fèrèsé, igi àti àgbá kiri ìlú, ibẹ̀ ni owó náà sá pamọ́ sí. Àlọ́ tí ẹ bá fò kò sọnù, ilé Granny Riddleton ni ẹ ó ti bá a. Àbùkù gidi kan ti DS ni pé kò síbi tí ẹ lè kọ nǹkan sí lójú gèémù. Apá kejì ló mú ìyẹn wá. Ẹ mú bírò àti ìwé sítòsí.

Ṣùgbọ́n àlọ́ nìkan kọ́ ló so àwọn olólùfẹ́ mọ́ ọn. Ọmọlúàbí ni Layton: ohùn rẹ̀ tutù, kì í jágbe mọ́ ọmọdé, fìlà gogoro rẹ̀ kì í kúrò lórí. Ti Luke ló ń fa àríyànjiyàn, nítorí ohùn tó ní nínú ẹ̀dà Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí ti Britain. Ti Britain ló bá a mu jù, ọmọ tó ń bá ọ̀jọ̀gbọ́n London rìn ṣáà ni. Nígbà tí Katrielle, ọmọbìnrin Layton, gbapò rẹ̀ nínú gèémù ti 2017, ọ̀pọ̀ ṣì ń bèèrè bàbá rẹ̀. Ìdí nìyí tí ariwo ayọ̀ fi sọ ní 2023 tí Level-5 kéde pé Layton àti Luke ń padà bọ̀ nínú gèémù tuntun, New World of Steam.

Ẹ má fo apá kankan nínú mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta, tí wọ́n ń pè ní Unwound Future ní Amẹ́ríkà àti Lost Future ní Britain, ni ẹ ó ti mọ ẹni tó fún un ní fìlà yẹn.