Àfikún ọjọ́ ní Houston: ajẹ́ńtì gba òdo, ọmọbìnrin oníkaféè gba 10

Ọdún 34 ni mo fi kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Ọ̀fà kí n tó fẹ̀yìn tì. Títí di òní, tí ẹnì kan bá bá mi ṣiṣẹ́, máàkì ni mo máa ń fún un nínú ọkàn mi. Àwọn mẹ́ta ni mo fẹ́ máàkì fún níbí: ajẹ́ńtì kan ní Ìlọrin, ìkànnì tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń gba ìwé ẹni tó fẹ́ fi ọjọ́ kún ọjọ́, àti ọmọbìnrin kan tó ní kaféè lẹ́bàá ọjà Ọ̀wọ́dé. Ẹ jẹ́ kí n mú ajẹ́ńtì ṣáájú, torí inú rẹ̀ ṣì ń bí mi.

Ọmọ mi obìnrin lóyún ní Houston, mo sì ní láti lọ wẹ ọmọ. Ajẹ́ńtì yìí ló bá mi kọ fọ́ọ̀mù físà ní ọdún 2023. Físà náà jáde, ọlọ́dún márùn-ún ni, ẹnu ọkùnrin náà kò sì gbófo: "Alhaja, ọdún márùn-ún gbáko! Ẹ lọ jókòó ti ọmọ yín, ẹ máa jayé." Èmi náà gbà á gbọ́. Mo tilẹ̀ ti ń sọ ọ́ káàkiri l'Ọ̀fà pé tó bá wù mí, ọmọ náà á wọ ilé ìwé lójú mi.

Ọjọ́ 11 oṣù February 2024 ni bàálù gbé mi balẹ̀. Aṣọ́bodè tó jókòó sínú àpótí onígíláàsì bi mí pé kí ni mo wá ṣe, mo ní ọmọ ọmọ mi ni mo wá gbé. Ó rẹ́rìn-ín, ó lu òǹtẹ̀, ó fi bírò kọ déètì kan sí i. N kò wo déètì náà. Èmi tí mo máa ń na ọmọ tí kò bá ka ìbéèrè dé ìsàlẹ̀!

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà nínú oṣù March. Ojú egbò ìyá rẹ̀ kò jinná bó ṣe yẹ. Nígbà tó fi máa di oṣù May, dókítà ní àwọn yóò tún un ṣe ní July, kò sì gbọ́dọ̀ gbé ohun tó wúwo fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọmọ wa sì rèé, gbọ̀ngbọ̀nràn bí àpò gààrí. Ọ̀rọ̀ yìí la ń sọ lálẹ́ ọjọ́ kan tí ọkọ ọmọ mi fi ṣí páspọ́ọ̀tù mi. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Màmá, ẹ dákun, ẹ wo ibí. August 10 ni wọ́n kọ fún yín."

Mo ní ọdún márùn-ún ni wọ́n fún mi. Ó ní rárá o.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé bọ́dìn rí, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣòro fún yín. Físà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páspọ́ọ̀tù, ìwé àtidé ẹnu géètì ni. Déètì tó wà lára rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ lè dé ẹnu géètì gbẹ̀yìn ló ń sọ. Iye ọjọ́ tí ẹ ó lò nínú ọgbà, ẹni tó dúró ní géètì ló ń kọ ọ́, oṣù mẹ́fà ló sì sáábà máa ń kọ fún ẹni tó wá ṣe àbẹ̀wò. I-94 ni wọ́n ń pe àkọsílẹ̀ yẹn. Tẹ́lẹ̀, bébà ni wọ́n ń fi há páspọ́ọ̀tù. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà fún ẹni tó bá bá bàálù wọlé. Ẹ lè wò ó lórí ìkànnì CBP, ìyẹn àwọn aṣọ́bodè wọn, láìsan kọ́bọ̀. Ìṣẹ́jú méjì ni. Ẹ wò ó ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá dé, ẹ má ṣe bíi tèmi.

Alhaji mi gbọ́ n'Ọ̀fà, ló bá wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin. Ó sọ̀ ní Gárééjì Ọ̀fà, ó gun ọ̀kadà dé ọ̀dọ̀ ajẹ́ńtì. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ mikàn. Ó ní nǹkan kékeré ni. ₦850,000 ni gbogbo rẹ̀, kí Alhaji fi ₦200,000 sílẹ̀, kí èmi sì fi páspọ́ọ̀tù mi ránṣẹ́ sílé kí òun gbé e lọ sí ẹ́ńbásì kí wọ́n lu òǹtẹ̀ tuntun. Alhaji fi tiransífà san ₦200,000 lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tó san án tán ló tó pè mí. Ọkọ mi nìyẹn. Tó bá lọ ra àgbò, ó máa ń sanwó kó tó wo ẹnu rẹ̀.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ́ńbásì kì í fi ọjọ́ kún ọjọ́ fún ẹni tó ti wọlé. Iṣẹ́ tiwọn parí nígbà tí ẹ kúrò nílé. Inú Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń ṣe é, USCIS, ìyẹn àjọ ìjọba wọn tó ń rí sí ìwé àwọn àlejò, ló ń ṣe é, fọ́ọ̀mù rẹ̀ ń jẹ́ I-539. Páspọ́ọ̀tù yín kò ní kúrò lọ́wọ́ yín, ẹnikẹ́ni kò sì ní lẹ físà tuntun mọ́ ọn. Ká ní mo fi tèmi ránṣẹ́ sílé bí ọkùnrin yẹn ṣe wí, kí ni mo fẹ́ fi wọ bàálù?

Ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín ni mí, ìjàkadì ni orò wa. Orí fóònù ni mo ti bá a jà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ó dá ₦120,000 padà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sì dá a, bí ẹni ń san àjọ. Ó ku ₦80,000. Òdo ni mo fún un, mo sì fi bírò pupa yí i po. Tó bá rí èyí kà, nọ́ńbà àkáǹtì Alhaji kò tíì yí padà.

Ó wá kan ìkànnì USCIS náà. Wọ́n gba ẹni tó fẹ́ àfikún níyànjú pé kó fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó kéré tán, ọjọ́ 45 ṣáájú kí déètì I-94 tó pé. Tèmi bọ́ sí ọjọ́ 26 oṣù June. Ọjọ́ 17 ni a fi ránṣẹ́. Lórí tábìlì ìdáná ni a ti ṣe é, ọmọ wà lẹ́yìn mi, mo pọ̀n ọ́n. Orúkọ èmi fúnra mi àti í-meèlì tèmi ni a fi ṣí àkáǹtì. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíì fi tirẹ̀ ṣí i fún yín, torí ibẹ̀ ni gbogbo lẹ́tà wọn ń wọlé sí. Owó rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e sókè ní April 1, 2024: $420 lórí ìkànnì, $470 fún ẹni tó bá fi bébà ránṣẹ́. Nígbà náà dọ́là kan ti lé ní ₦1,400, ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọmọ mi ló san án, mo sì ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Fọ́ọ̀mù náà ò le, àmọ́ ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń bi èèyàn ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá. Ṣé mo ti wà nínú ẹgbẹ́ ajagun rí? Ṣé mo ti ta ohun ìjà rí? Ṣé mo ti lọ́wọ́ nínú dídá èèyàn lóró rí? Mo rántí pàṣán tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe ọ̀gá ilé ìwé. Mo wo ojú ọkọ ọmọ mi. Ó ní, "Màmá, ẹ tẹ Rárá."

Lẹ́tà àlàyé ni ọkàn iṣẹ́ náà. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ gùn tó ojú ìwé mẹ́ta, mo ki Amẹ́ríkà, mo ṣàdúrà fún ààrẹ wọn. Ọmọ mi gé e kù sí ojú ìwé kan. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ò ju mẹ́rin lọ: kí ló dá yín dúró, ọjọ́ wo lẹ ó lọ, ta ló ń bọ́ yín, kí ló ń dúró dè yín nílé. A fi lẹ́tà dókítà gbè é lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú ìwé báǹkì ọmọ mi, tíkẹ́ẹ̀tì àtipadà tí a ti sún síwájú, ìwé owó ìfẹ̀yìntì mi àti ìwé ilé wa.

Ìwé méjì tó gbẹ̀yìn yìí, àpótí irin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa n'Ọ̀fà ni wọ́n wà. Bí Alhaji ṣe gbé wọn dé kaféè nìyẹn, kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ yà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà. Ojú ìwé 11, ₦200 lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná lọ nígbà tí wọ́n ṣe é dé ìdajì, ọmọbìnrin náà tan jẹnẹrétọ̀ láìbu owó kún owó. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, "Bàbá, ẹ má bínú, létà 'u' wà níparí orúkọ Ìyá lórí ìwé ìfẹ̀yìntì, kò sì sí lórí páspọ́ọ̀tù." Ẹ wo ojú! Àwa Mùsùlùmí Kwara mọ 'u' yẹn. Ìjọba ìpínlẹ̀ á fi sí i, àwọn onípáspọ́ọ̀tù á yọ ọ́, ẹni tó ni orúkọ kò ní mọ̀ títí ọjọ́ tí wọ́n máa nílò rẹ̀. Ó ní kí Alhaji lọ gba ìwé ìbúra ní kọ́ọ̀tù pé orúkọ méjèèjì, ẹnì kan náà ni. Ọjọ́ kejì, Alhaji gbé e padà wá, ọmọbìnrin náà sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, ó tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, kò sí èyí tó dojú dé. ₦2,200 ló gbà, pẹ̀lú ₦200 ti ìwé ìbúra. Ajẹ́ńtì tó fẹ́ gba ₦850,000 kò rí 'u' yẹn nígbà tó ń kọ físà mi. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ní gbogbo ọdún 34, n kì í fún èèyàn ní mẹ́wàá.

Risíìtì wọlé sínú àkáǹtì mi kíákíá, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú IOE, èyí tí a fi ń yẹ ibi tí ìwé dé wò. Ìyókù di ìdúró. Iṣẹ́ oṣù ni, kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́. August 10 dé, ó kọjá. Ọjọ́ 11, n kò yọjú síta. Mo ń wo fèrèsé bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé. Ọkọ ọmọ mi ló fi mí lọ́kàn balẹ̀: ẹni tó bá ti fi ìwé tó dájú sílẹ̀ kí déètì tó pé, tí kò sì ṣe iṣẹ́ owó, wọn kì í ka ọjọ́ tó fi ń dúró de èsì mọ́ ọn lọ́rùn. Bí wọ́n bá ní rárá, kó tètè dìde. Ẹni tí kò fi nǹkan kan sílẹ̀ tó kàn jókòó pa ni ọ̀rọ̀ ń bá. Ọjọ́ kan péré tí ó bá fi kọjá déètì, físà tó fi wọlé ti kú, ì báà ku ọdún mẹ́rin lórí rẹ̀. Tó bá lé ní ọjọ́ 180 kó tó jáde, ọdún 3 ni kò ní lè padà. Tó bá pé ọdún kan, ọdún 10.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ owó yẹn, ẹ má fi ṣeré. Ará ilé wa kan níbẹ̀, ọmọ Yorùbá, ní kí n máa bá òun mú ọmọ òun mọ́ ti wa, òun á máa fún mi ní nǹkan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó wù mí o, n kò ní purọ́. Mo bá a gbé ọmọ náà lọ́jọ́ Sátidé kan lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì ní ẹ̀yìn ń dùn mí.

Ìkànnì náà gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Owó rẹ̀ ni mo tìtorí rẹ̀ yọ méjì. Kò gba pé kí èèyàn lọ tò sórí ìlà, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi pé kí n "ṣe dáadáa sí òun". Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbèrò àtilọ: ní July 2025, wọ́n sọ físà àbẹ̀wò tí wọ́n ń fún ọmọ Nàìjíríà di olóṣù mẹ́ta àti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe irú tèmi mọ́; ní January 2026, wọ́n tilẹ̀ dá fífún ọ̀pọ̀ jù lọ wa ní físà náà dúró. Ẹ lọ ka ìkànnì ìjọba wọn fúnra yín kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ kejì lọ dáadáa. Ọjọ́ 23 oṣù November ni mo wọ bàálù, èsì kò tíì dé, mo tẹ risíìtì sórí bébà méjì, ọ̀kan nínú báàgì ọwọ́, ọ̀kan nínú ìró mi. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo délé, mo wà ní Ọ̀wọ́dé, mò ń ná ọ̀dùnkún. Ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní Houston dà bí kárọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ṣúgà sí, àárọ̀ ojoojúmọ́ ni mo fi ń rántí tilé. Fóònù mi dún, í-meèlì ni: wọ́n ti gbà, wọ́n fún mi títí di December 10. Mo fi han Alhaji nígbà tí mo délé. Ó fi gíláàsì sójú, ó kà á, ó tún un kà.

"Ó ku ọjọ́ mẹ́rin," ló wí. "Ṣé kí n gbé báàgì yín wálẹ̀?"