Amọ́tísọ̀ Ẹ̀yìn Mọ́tò: Tòkunbọ̀, Olóròóró, àbí Onígáàsì?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó iṣu àti gàrí wọ ọjà Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ láti oko, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Amọ́tísọ̀, ohun tó ń dá ìfò mọ́tò dúró, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ṣọ́ọ̀kù, kì í kú lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rọ̀, ara awakọ̀ á sì ti mọ́ ọn lára kó tó fura.

Táyà ló tú àṣírí tèmi. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú táyà ẹ̀yìn, mo bá a ní gegele: ibì kan ga, ibì kan jìn, yí gbogbo rẹ̀ ká. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò. Agolo amọ́tísọ̀ ti rin fún òróró, eruku pupa sì ti lẹ̀ mọ́ ọn bí amọ̀. Ọ̀rinrin díẹ̀ lẹ́nu ọ̀pá rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n èyí tó ń ṣàn sísàlẹ̀ ti bàjẹ́. Tẹ búùtù mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí o jáwọ́. Bó bá gbéra tó sì dúró, ó ṣì lè dára. Bó bá ń mi orí bí alángbá, pààrọ̀ rẹ̀.

Tòkunbọ̀ ló pọ́ọ́kú jù, òun náà ló sì ń tan ènìyàn jù. Monroe àti KYB tí wọ́n ń ṣe amọ́tísọ̀ ní kí a pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí 80,000 kìlómítà. Ta ló mọ iye tí tòkunbọ̀ ti sá kó tó dé ọwọ́ rẹ? Mo ra ọ̀kan rí, wọ́n ti nù ún mọ́ tónítóní. Ọ̀sẹ̀ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Bí owó bá lè tẹ̀ ọ́ dé ibẹ̀, gbé e dúró lóòró, fà á, tì í, tó ìgbà márùn-ún kí o tó dájọ́. Ó gbọ́dọ̀ le bákan náà ní lílọ àti ní bíbọ̀. Bí ọwọ́ rẹ bá já sí òfìfo níbì kan, dá a padà.

Tuntun olóròóró rọ̀ lára, owó rẹ̀ kò sì wọ́n tó ti onígáàsì. Ó tó fún mọ́tò tó ń gbé ọmọ lọ síléèwé lórí ọ̀dà. Lórí ilẹ̀ tó rí gbágungbàgun, òróró inú rẹ̀ á gbóná, á hó bí omi ọṣẹ, agbára rẹ̀ á sì dínkù títí yóò fi tutù.

Nínú onígáàsì, gáàsì tí wọ́n ń pè ní náítírójìn ló ń tẹ òróró náà mọ́lẹ̀ tí kò fi tètè hó. Ó le díẹ̀ nígbà tí mọ́tò bá ṣófo, ó sì gbówó lórí. Síbẹ̀, ẹni tó ń rìn ọ̀nà oko pẹ̀lú ẹrù, òun ni mo ní kó rà. Bí owó rẹ kò bá ká a, méjì olóròóró tuntun sàn ju méjì tòkunbọ̀ onígáàsì lọ.

Ẹ má ra èyíkéyìí nínú wọn nítorí pé ìdí mọ́tò ti wọlẹ̀. Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù. Amọ́tísọ̀ kàn ń dá ìfò rẹ̀ dúró ni. Mo ti rí ẹni tó ra tuntun méjì, tí ìdí mọ́tò rẹ̀ sì wà nílẹ̀ bó ṣe wà.

Méjèèjì ẹ̀yìn ni kí wọ́n pààrọ̀ pọ̀, nítorí bí ọ̀kan bá le tí èkejì rọ̀, mọ́tò á máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní kọ́nà. Bí sípíríǹgì bá yí amọ́tísọ̀ tìrẹ ká, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u láìlo irin tí wọ́n fi ń fún sípíríǹgì pọ̀. Bó bá ta, ó lè pa ènìyàn. Kí o sì dúró ti mẹkáníìkì rẹ: lẹ́yìn tí ó bá sọ mọ́tò kalẹ̀ kúrò lórí jáàkì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀, ìgbà yẹn ni kó fún bóòtù tó gba inú rọ́bà le. Bó bá fún un le nígbà tí táyà ṣì wà lókè, rọ́bà náà á lọ́, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi ya.