Ẹ̀rọ Wo Ni Kí Ẹ Rà Láti Máa Ṣọ́ Gúlúù àti Thiourea Nínú Táńkì Bàbà?

Nínú iṣẹ́ fífi iná mànàmáná fọ bàbà mọ́, ohun mẹ́ta ni wọ́n ń dà díẹ̀díẹ̀ sínú omi ásíìdì: gúlúù tí wọ́n fi egungun tàbí awọ ẹran ṣe, thiourea (kẹ́míkà kan tó ní imí ọjọ́ nínú), àti kílóráìdì (irú èyí tó wà nínú iyọ̀). Bí gúlúù bá dín, kókó á hù lára káátóòdù (pátákó tí bàbà mímọ́ ń lẹ̀ mọ́), á máa gùn títí á fi kan ánóòdù (pátákó bàbà àìmọ́ tí wọ́n ń fọ̀) tó dojú kọ ọ́, iná á sì máa gba ibẹ̀ kọjá lásán. Bí thiourea bá pọ̀ jù, imí ọjọ́ á wọ inú bàbà, bẹ́ẹ̀ ojúlówó káátóòdù kò gbọdọ̀ ní ju gíráàmù 15 imí ọjọ́ lọ nínú tọ́ọ̀nù kan.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kàn ń wọn gúlúù sí iye tọ́ọ̀nù bàbà tí wọ́n ń ṣe ni. Owó kékeré ni. Ṣùgbọ́n omi táńkì máa ń gbóná tó 60 sí 65 lórí ìwọ̀n Celsius, ásíìdì inú rẹ̀ sì lè tó gíráàmù 150 sí 200 nínú lítà kan. Láàárín wákàtí díẹ̀, gúlúù á ti já wẹ́wẹ́, agbára rẹ̀ á sì lọ. Iye tí ẹ dà sínú rẹ̀ kò lè sọ iye tó ṣì ń ṣiṣẹ́ fún yín. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún olùrà pé kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà: ṣé iye ni ẹ̀rọ yín ń kà, àbí agbára?

Èyí tó ń ka agbára ni irú CollaMat, tí Norddeutsche Affinerie gbé jáde ní Hamburg, ní Jámánì. Wọ́n á fa omi táńkì sínú sẹ́ẹ̀lì kékeré kan, wọ́n á gba iná kọjá nínú rẹ̀, wọ́n á sì wo bí fólítéèjì ṣe ń gòkè lára káátóòdù. Bí gúlúù tó lágbára bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe ga tó. Lójú tèmi, òun ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rà. Àbùkù rẹ̀ ni pé thiourea àti kílóráìdì náà ń yí fólítéèjì yẹn padà, nítorí náà omi tiyín gan-an ni kí wọ́n fi ṣètò rẹ̀, kì í ṣe omi tí wọ́n pò ní láàbù wọn.

HPLC, ẹ̀rọ láàbù tó ń ya àwọn kẹ́míkà inú omi sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, dára gan-an fún thiourea. Ó ń yà á sọ́tọ̀, ó sì lè fi ohun tó ń dà nígbà tó bá bàjẹ́ hàn yín. Fún gúlúù, kò wúlò tó bẹ́ẹ̀, torí ọ̀kan-ò-jọ̀kan ẹ̀wọ̀n purotéènì, gígùn àti kúkúrú, ló wà nínú gúlúù. Ó tún ń fẹ́ ẹni tó mọṣẹ́, àpẹẹrẹ omi kò sì gbọdọ̀ pẹ́ nílẹ̀, thiourea á ti máa bàjẹ́ nínú ìgò. Ẹ rà á ṣe ìkejì.

Hull cell, táńkì kékeré tí wọ́n fi ń dán omi wò, ni owó rẹ̀ kéré jù. Ó dára láti fi ojú rí bí bàbà ṣe ń lẹ̀ níbi tí iná ti pọ̀ àti níbi tí ó ti kéré, àmọ́ kò lè darí pọ́ǹpù tó ń da gúlúù sínú táńkì.

Kílóráìdì kò nílò ẹ̀rọ ńlá. Silver nitrate (iyọ̀ fàdákà) àti elékíróòdù kan (ọ̀pá tó ń wọn fólítéèjì inú omi) ti tó láti fi wọ̀n ọ́n.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀rọ máa darí pọ́ǹpù fúnra rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n ti ń fa omi. Ẹ fi páìpù náà sí ibi tí omi ti ń jáde nínú táńkì, kì í ṣe ibi tó ń gbà wọlé, kí ẹ lè mọ iye gúlúù tó kù lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́. Kí ẹ sì rí i dájú pé páìpù náà ní ohun tó ń mú un gbóná: bí omi náà bá tutù lójú ọ̀nà, bàbà inú rẹ̀ á dì bí iyọ̀ búlúù sí ara páìpù, á sì dí i pa.