Agogo tàbí ohùn ẹnu: èwo ló yẹ pápá sọ́fútíbọ́ọ̀lù?

Nínú sọ́fútíbọ́ọ̀lù (eré tó jọ béésíbọ́ọ̀lù) àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ girama ní Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ bàtà 43 péré ló wà láàárín ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù àti ẹni tó fẹ́ fi igi gbá a. Àwọn òbí sì wà lẹ́yìn wáyà, nítòsí gan-an, tí wọ́n ń pariwo fún àwọn ọmọ wọn. Ṣé agogo ló yẹ kí wọ́n fi ṣe é, àbí ẹnu wọn?

Agogo màlúù àti fèrè ń gba ẹni tí ohùn rẹ̀ kò ròkè, inú ọmọdé sì máa ń dùn sí wọn. Àmọ́ bí bọ́ọ̀lù bá lọ sókè, tí ọmọ méjì ń sáré bọ̀ lábẹ́ rẹ̀, igbe "tèmi ni!" ló ń là wọ́n. Bí fèrè bá bo igbe yẹn, orí lè kọlu orí.

Ohùn ẹnu ńkọ́? Orin àti àtẹ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń dúró de ìgbà tiwọn ti di ara eré náà. Kò mọ́ tónítóní o: ẹlòmíràn á dákẹ́ títí ẹni tó ń jù yóò fi na apá, kó tó lọgun. Ìwà àìdáa nìyẹn, agogo wà níbẹ̀ àbí kò sí.

Àjọ SEC, ìyẹn àjọ eré ìdárayá àwọn yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, tí Mississippi State tí àwọn èrò rẹ̀ fẹ́ràn agogo màlúù wà nínú rẹ̀, fòfin de irinṣẹ́ ariwo lọ́dún 1974. Ní 2010 ni wọ́n tó gba agogo láàyè nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, bí eré bá ti dúró nìkan.

Èmi fara mọ́ ohùn ẹnu. Ẹni tó ti ra agogo, kó lù ú nígbà tí ikọ̀ méjèèjì bá ń pààrọ̀ ipò.