ÌKÌLỌ̀: Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun ní póìǹtì Disney tí òun fẹ́ fi gba yàrá Animal Kingdom Lodge fún yín

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́. Bí mo bá dákẹ́, ẹlòmíràn á tún kó owó ilé rẹ̀ lé ọkùnrin yìí lọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín pé òun ní póìǹtì Disney Vacation Club, pé òun á fi gba yàrá fún yín ní Animal Kingdom Lodge ní Florida, ẹ má tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ẹ ka èyí tán ná.

Fún ẹni tí kò mọ ibẹ̀: hòtẹ́ẹ̀lì náà kò jìnnà sí ọgbà ìgbafẹ́ Disney's Animal Kingdom, ó ti wà láti ọdún 2001. Ilé méjì ni, Jambo House àti Kidani Village. Wọ́n kọ́ ọ sí etí pápá ńlá tí àgùnfọn, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, ògòǹgò àti màlúù Ankole oníwo gbọọrọ ti ń jẹko, ẹ lè jókòó sí bákónì yàrá yín kí ẹ máa wò wọ́n. Yàrá tó bá kọjú sí pápá ni wọ́n ń pè ní Savanna View, owó rẹ̀ sì ga púpọ̀. Ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà dín in kù ni póìǹtì. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Disney Vacation Club ti ra ìpín nínú àwọn ilé ìgbafẹ́ Disney, wọ́n sì máa ń ní póìǹtì tí wọ́n fi ń gba yàrá lọ́dọọdún. Ẹni tí kò bá ráàyè lo tirẹ̀ lè fi gba yàrá ní orúkọ yín, kí ẹ̀yin san owó fún un. Èyí kì í ṣe jìbìtì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe é, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ láyọ̀. Ti èmi ló wá dà báyìí.

Inú ẹgbẹ́ àwa Yorùbá kan lórí Facebook ni mo ti pàdé rẹ̀. “Àǹtí, ẹ káàsán o, ẹ kú iṣẹ́,” bẹ́ẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní Orlando lòun ń gbé, pé oyún ìyàwó òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bí, àwọn kò ní lè lo póìǹtì ọdún náà, àwọn kò sì fẹ́ kó ṣòfò. Dọ́là 14 ló pe póìǹtì kan. Àwọn mìíràn tí mo bi ń pe nǹkan bí 20. Bàbá àwọn ọmọ bi mí pé, “Ta ni ẹni yìí?” Mo ní, “Ọmọ Yorùbá ni.” Ìdáhùn mi nìyẹn! Bí ẹni pé ìdáhùn ni.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò yẹ̀ ẹ́ wò o. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ránṣẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù My Disney Experience, ó sì jáde: Kidani Village, Savanna View, orúkọ mi, orúkọ bàbá àwọn ọmọ, orúkọ àwọn ọmọ, ọjọ́ tí a máa dé, ọjọ́ tí a máa lọ. Disney fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀! Kì í ṣe ìwé tí ẹnì kan tẹ̀ jáde nílé. Kí lẹ tún fẹ́ kí n ṣe? Nígbà tí mo rí i ni mo fi owó náà ránṣẹ́ nípasẹ̀ Zelle, ètò tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ owó láti báńkì sí báńkì, gbogbo rẹ̀ pátá. Ó pè mí láti dúpẹ́. Ó gbàdúrà fún mi lórí fóònù! Ó ní a ó lọ ire, a ó bọ̀ ire. Mo ṣe àmín. Àmín tó dún dáadáa ni mo ṣe fún olè. Kò jẹ́ kí n sinmi pẹ̀lú àtẹ̀jíṣẹ́, “Àǹtí, báwo làwọn ọmọ?” Ó kàn ń tọ́jú wa bí adìẹ ọdún ni.

A wakọ̀ láti Atlanta. Àbíkẹ́yìn mi wọ aṣọ tó ní àwòrán àgùnfọn. Ọmọbìnrin tó wà ní kàńtà tẹ orúkọ mi, ó tún un tẹ. Ó béèrè orúkọ bàbá àwọn ọmọ. Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé yàrá yẹn wà tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ni póìǹtì ti fagi lé e, ó sì ti pẹ́. Mo ní ta ló fún un láyè? Ó ní òun kò lè bá mi sọ̀rọ̀ lórí àkáǹtì ẹlòmíràn. Àkáǹtì ẹlòmíràn! Owó mi ńkọ́? Àwọn èèyàn tò sẹ́yìn wa, wọ́n ń wò wá. Ọmọ mi ń fà mí láṣọ pé, “Mọ́mì, ṣé a lè gòkè lọ wo àgùnfọn báyìí?” Yàrá tó ṣẹ́kù lálẹ́ ọjọ́ náà lé ní 500 dọ́là, ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ló sì kọjú sí. Ọ̀nà 192 ní Kissimmee la ti padà rí ibi sùn, nínú òtẹ́ẹ̀lì kan tí n kò ní ṣàpèjúwe rẹ̀.

Mo pe nọ́ńbà rẹ̀. Ó dún, ó dún. Mo kọ̀wé, ó kà á. Ó kà á o! Kò dáhùn.

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Ẹni tó ni póìǹtì ló ni yàrá náà, bí orúkọ yín tilẹ̀ wà lórí rẹ̀ gbọnrangandan. Àlejò rẹ̀ lẹ jẹ́. Lọ́jọ́ tó bá wù ú, á wọnú àkáǹtì rẹ̀, á fagi lé e, póìǹtì á padà sápò rẹ̀, á sì tún un tà fún aláìmọ̀kan mìíràn. Òfin ẹgbẹ́ wọn ni pé bí wọ́n bá fagi lé yàrá nígbà tó ku ọjọ́ 30 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, póìǹtì náà á há, yàrá tí ọjọ́ àtidé rẹ̀ kò ju ọjọ́ 60 sí ìgbà tí wọ́n ń gbà á nìkan ni wọ́n lè fi gbà. Nítorí náà ni olè ṣe máa ń tètè ṣe tirẹ̀ kó tó di ìgbà yẹn. Èmi kò ṣí áàpù náà mọ́ lẹ́yìn tí mo ti sanwó. Kí ni mo fẹ́ ṣí i fún? Mo ti rí i ní ojú mi!

Ẹ máa ṣí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa nígbà tó bá ku oṣù kan ààbọ̀.

Ẹ má fi Zelle sanwó fún ẹni tí ẹ kò mọ̀. Ilé ìfowópamọ́ mi ní èmi fúnra mi ni mo fi owó ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Káàdì kírẹ́díìtì ni kí ẹ lò, torí òfin Amẹ́ríkà fún yín láyè láti bá wọn du owó nǹkan tí kò tẹ̀ yín lọ́wọ́. PayPal náà dára, tí kò bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ àti ẹbí, torí ìyẹn kò ní ààbò olùrajà. Àwọn alágbàtà kan wà tí wọ́n máa ń mú apá kan owó dání títí ẹ ó fi wọ yàrá. Wọ́n wọ́n díẹ̀. Ẹ san án. Ẹ gba ìwé àdéhùn. Ìwé ohun ìní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ Comptroller ti Orange County ní Florida, ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú ìwé ilé àti ilẹ̀, ẹnikẹ́ni lè wá orúkọ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi wá a nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́: orúkọ tó fún mi kò sí níbẹ̀. Ta ló wá ni póìǹtì náà? Ìyá ìyàwó rẹ̀? Ẹlòmíràn tó ń jà lólè? Olúwa ló mọ̀.

Ó tún fẹ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà ìgbafẹ́ tí ẹnì kan ti lò kù fún mi. Ìyẹn ni mo gbọ́n sí, torí òfin Florida kò gbà kí wọ́n ta àjẹkù tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ púpọ̀. Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ máa sọ pé ojúkòkòrò ló bá mi, ta ni nínú yín tí kì í wá owó pọ́ọ́kú? Ẹni tó jalè ni kí ẹ bá wí.

Ní ọjọ́ kejì, a gba àyè oúnjẹ ní Sanaa, ilé oúnjẹ tó wà nínú Kidani Village náà. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí pápá, wọ́n sì ń gba ẹni tí kò sùn síbẹ̀. Ọmọ mi rí àgùnfọn rẹ̀ níbẹ̀, owó búrẹ́dì àti ọbẹ̀ lásán. Ká ní mo mọ̀, kí ni mo ń wá póìǹtì kiri sí?

Láti ìgbà náà, gbogbo ẹni tó bá ní òun ń ta nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, olè ni lójú mi. Oníyàrá, onítíkẹ́ẹ̀tì, aláṣọ, gbogbo wọn. Mo mọ̀ pé kò tọ́ sí àwọn olóòótọ́ inú wọn. Kí àwọn náà lọ bá ọkùnrin yìí jà.

Mo ti fẹjọ́ sùn ní ic3.gov tí FBI ń bójú tó, àti ní reportfraud.ftc.gov. Bí ẹnì kan bá ń ta Kidani fún yín ní dọ́là 14, ẹ kọ̀wé sí mi kí ẹ tó sanwó, n ó fi nọ́ńbà tirẹ̀ wé èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Bí ẹ bá ti sanwó, ẹ ṣí áàpù yín nísinsìnyí. Bí yàrá náà kò bá sí níbẹ̀ mọ́, tó sì jẹ́ káàdì lẹ fi san án, ẹ pe báńkì lónìí, ẹ má dúró de àlàyé rẹ̀.