Máìkì tuntun yìí dáa, àmọ́ ẹ má fọkàn tán bọ́tìnnì rẹ̀

Iṣẹ́ ohùn ni mò ń ṣe nídìí ètò bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n. Máìkì kékeré aláìní wáyà tí wọ́n ń há mọ́ àyà kóòtù, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó fún wa, ti mọ́ mi lára báyìí. Ohùn rẹ̀ já gaara. Atọ́kùn lè yírùn sọ́tùn-ún sósì, ohùn ò ní lọ sílẹ̀, bátìrì rẹ̀ sì ń gbé eré àti àlàyé ẹ̀yìn eré. Ẹnu ìhá rẹ̀ kì í ba aṣọ jẹ́. Ìyẹn parí.

Bọ́tìnnì rẹ̀ ló mú mi kọ̀wé. Ara àpótí tí wọ́n ń fi kọ́ bẹ́líìtì ló wà. Tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá tẹ̀ ẹ́, iná tíntín kan tí kò ju hóró ọkà bàbà lọ á kúrò ní àwọ̀ ewé, á di pupa. Ta ló máa rí i lábẹ́ kóòtù? Èyí tó tún wá burú ni pé a lè ti bọ́tìnnì yẹn pa látinú ilé bátìrì, kí èèyàn má baà ṣèèṣì pa ohùn ara rẹ̀ láàárín eré. Tá a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ títí, máìkì ń gbọ́. Kódà bí mo bá fa ohùn rẹ̀ wálẹ̀ lórí tábìlì mi, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ ṣì ń gbà á, ó sì lè máa lọ sílẹ̀ òkèèrè.

Bó ṣe ká Ron Atkinson, tó ń ṣàlàyé bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n ITV nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mọ́ nìyẹn lóṣù Kẹrin ọdún 2004. Eré Monaco àti Chelsea ti parí, ó rò pé òun ti kúrò lórí afẹ́fẹ́, ló bá fi àwọ̀ ara bú Marcel Desailly, agbábọ́ọ̀lù Chelsea tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Àwọn kan ní Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn ṣì ń gbọ́ ọ. Ó fiṣẹ́ ITV sílẹ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ẹ̀rọ ló dalẹ̀ irú Atkinson, pé kò yẹ kí wọ́n tìtorí ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi ò bá wọn débẹ̀. Ẹ wo ti Andy Gray tó ń ṣàlàyé eré àti Richard Keys tó jẹ́ atọ́kùn ní Sky Sports, tẹlifíṣọ̀n eré ìdárayá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù Kìíní ọdún 2011. Kí Wolves àti Liverpool tó gbá, wọ́n ń sọ láàárín ara wọn pé obìnrin tó di àsíá mú, Sian Massey, kò lè mọ òfin ọ̀fúsáìdì. Nígbà tí Liverpool gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé, Massey ò gbé àsíá sókè, ó sì tọ̀nà. Ilé iṣẹ́ wọn kọ́kọ́ yọ wọ́n kúrò nínú eré kan péré. Fídíò mìíràn wá jáde, níbi tí Gray ti ń ní kí obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bá òun ki máìkì bọ inú ṣòkòtò. Wọ́n lé e lọ́jọ́ 25 oṣù náà. Keys fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Èmi tí mò ń há máìkì mọ́ èèyàn lára lójoojúmọ́, mo mọ bí ọwọ́ ṣe ń sún mọ́ ara tó. Obìnrin yẹn lè má sí lórí afẹ́fẹ́, ẹnu iṣẹ́ ló wà.

Tí atọ́kùn bá ń ṣépè fún dírẹ́bà tó pẹ́ dé, tàbí tó ń bú ọ̀gá, mo máa ń gbọ́, mo sì ń gbàgbé. Ìyẹn ò tó ohun tí à ń lé èèyàn sí. Àmọ́ ẹni tó bá ń tìtorí àwọ̀ tàbí jíjẹ́ obìnrin fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fáráyé, ẹ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀gá tó jẹ́ pé ìgbà tí fídíò bá jáde nìkan letí wọn ń là ni mi ò fara mọ́. Èmi tí mo wà nídìí ẹ̀rọ ti gbọ́ ṣáájú, àwọn tó wà ní yàrá ìdarí náà gbọ́.

Ní ti máìkì, mẹ́rin nínú márùn-ún. Kí ẹni tó ṣe é gbé iná yẹn wá sórí máìkì gan-an, níbi tójú ti lè tó o. Kó tó dìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ kó dákẹ́, kó yọ bátìrì rẹ̀.